Ọkọ Àmọ̀kẹ́ Ti Kú Tipẹ́

Ẹjọ́ kan tó ní ìwo méjì dé iwájú Olóyè Láoyè ní Ìrẹmọ lánàá. Mojíre, Ìyá Fisáyọ̀mi, ló fà á wá. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n lánàá, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ dé etí kó tó kúnlẹ̀ tán. Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ ti bá alápatà sọ ọ́ pé bó bá di Jímọ̀ọ̀, kó wá fa Àmọ̀kẹ́ lọ. Àmọ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn màlúù wọn, abo dúdú-funfun tí wọ́n rà ní Ìpetumodù, tí kò tíì bí rí. Ọdún méje ni Mojíre fúnra rẹ̀ fi wojú Olúwa kó tó bí Fisáyọ̀mi, nítorí náà, bí wọ́n bá pe màlúù yẹn ní àgàn, òun ló ń dùn.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?"

"Dókítà màlúù yìí ni, Baba." Ó nawọ́ sí Ìfẹ́dayọ̀, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi àtọ̀ akọ màlúù sí Àmọ̀kẹ́ lára. Oyún kankan ò dúró. Wọ́n wá fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ò ṣe dáadáa!"

"Akọ màlúù ọ̀hún dà?"

"Ẹ bá mi bi í! Èmi ò rí i rí."

Ìfẹ́dayọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ò lè rí i, Baba. Ó ti kú."

"Kú bí i ti báwo?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé, nílùú òyìnbó. Inú yìnyín ni wọ́n fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí."

Mojíre ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Òkú ni wọ́n fi ṣe ọkọ fún ọmọ mi!"

Baba Ọ̀ṣuntọ́lá, àgbà ìgbìmọ̀ tó ti ń tòògbé láti àárọ̀, lajú. "Ṣé akọ màlúù náà mọ̀ pé òun ti kú?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ló ní, Baba. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí ìdajì wọn."

"Háà!" ni baba náà wí. Ìyàwó mẹ́ta ló ní, ọmọ méjì.

Olóyè yí sí Ìfẹ́dayọ̀. "Kí ló dé tí iṣẹ́ òkú ò wá jẹ́ lára Àmọ̀kẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Wàrà ìyá rẹ̀ ń kún korobá lójúmọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà pẹ́ kó tó lóyún, ìyá ìyá náà pẹ́. Nínú ìdílé tí wàrà bá ti ń ya bí omi, oyún kì í sábà tètè dúró. Wọ́n ń jogún ẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń jogún imú baba rẹ̀."

"Akọ tó o yàn fún un ńkọ́?"

Ìfẹ́dayọ̀ wúkọ́. "Ìdílé wàrà lòun náà."

"O mọ̀ pé abo ń pẹ́ lóyún, o tún lọ fẹ́ irú ẹ̀ fún un?"

"Wàrà ni Mọ́mì yìí ní àwọn fẹ́!"

"Wàrà lórí wàrà! Ta ni yóò bí ọmọ tí yóò mu ún?"

"Baba, ẹ̀bi mi nìkan kọ́ o. Ọjọ́ tí ara abo bá ń béèrè akọ, tó ń gun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí wọ́n pè mí. Bó bá ti di ọjọ́ kejì, ó bọ́, ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó tún bẹ̀rẹ̀."

"Mo máa ń pè é!" Mojíre fò dìde.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, Khàdíjàh, tí ògiri rẹ̀ kan ọgbà màlúù.

"Wàláì, Baba, màlúù jẹ́jẹ́ ni. Kò gun ẹnikẹ́ni rí."

"Rárá?"

"Àfi ọjọ́ tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án."

"Ta ló nà án?"

Khàdíjàh wo Mojíre, ó tún wo òrùlé. "Àsítágífìrúláì. Ìyá Fisáyọ̀ ni. Màlúù gun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n bá nà án, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nígbàkigbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Ojúde wa kọjú sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, Baba!" ni Mojíre ké. "Àwọn akọrin ń tò wọlé! Mo so ó títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀, kí n tó pe dókítà, kó lè bá a níbi tó ti ń hùwà ọmọlúàbí."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mojíre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òun gan-an ló ń lé oyún Àmọ̀kẹ́ sẹ́yìn, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Oyèkúnlé rí àyè. "Ẹ ti gbọ́, Baba. Màlúù tí kò bí, ẹran ọbẹ̀ ni."

"Oyèkúnlé," ni Olóyè wí jẹ́jẹ́, "ọdún mélòó ni ìyá rẹ lò nílé baba rẹ kó tó bí ọ?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá."

"Ṣé kò sí alápatà ní Ifẹ̀ nígbà náà ni?"

Olóyè gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Kí alápatà mú ọ̀bẹ rẹ̀ lọ ibòmíràn. Ìfẹ́dayọ̀, wá akọ tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ń tètè lóyún, bí wàrà wọn ò tilẹ̀ kún korobá. Kí o sì mú fọ́tò rẹ̀ wá. Ì báà kú, àna gbọ́dọ̀ mọ ojú ọkọ. Mojíre, lọ kúnlẹ̀ bẹ Àmọ̀kẹ́, kí o sì gbé ìgbálẹ̀ fún Khàdíjàh. Ìwọ Oyèkúnlé, ọjọ́ mọ́kànlélógún lo máa fi jókòó sẹ́nu ọgbà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o máa wo ẹni tó ń gun ẹni. Ọjọ́ tí Àmọ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí o sáré pe dókítà. Bí àwọn akọrin bá bi ọ́ léèrè, sọ fún wọn pé ò ń dúró de ọmọ, bí ìyá rẹ ti dúró."

Láàárọ̀ yìí, kí Mojíre tó ṣílẹ̀kùn, Oyèkúnlé ti wà lórí àpótí, ó di ìwé àti bírò mú, ojú rẹ̀ ò kúrò lára màlúù.

"Ìyá Fisáyọ̀! Ó ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n pe dókítà?"

"Ẹ jókòó, Bàbá Fisáyọ̀," ni Mojíre wí. "Ó ku ogún ọjọ́."