Àṣẹ Tuntun Lórí Ẹ̀rọ Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Sọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìta-Àfọ̀n, ẹ sọ korobá yín kalẹ̀, omi ò kúkú sí nínú rẹ̀! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ààfin wí!

Oyèbọ́lá Àtàndá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, ti ṣẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ omi ìlú ti kúrò lórí kànga, pé àgbàlá ẹnìkan ló wà. Olóyè Gbọ́lágadé, alága ìgbìmọ̀ omi, ní ọmọ náà ba òun lórúkọ jẹ́. Bí Oyèbọ́lá ò bá mú ẹ̀rí wá kí oòrùn òní tó wọ̀, wọn yóò lé e nílé ẹ̀kọ́. Ọdún tó kẹ́yìn ló sì wà! Òun náà ló dúró níwájú akéde yìí, tó di ìwé ìròyìn rẹ̀ mú.

Nítorí náà, àṣẹ dé!

Àṣẹ kìn-ín-ní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ irọ́ tí yóò ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́. "Wọ́n ní" kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tó kọ ọ́ ló wí i. Ìyà rẹ̀: yóò fi ẹyọ ọwọ̀ kan gbá iwájú ààfin fún ọjọ́ méje. Ẹyọ kan!

Àṣẹ kejì. Àìdárúkọ kì í gbani. Bí o bá kọ "ọkùnrin eléyín wúrà tó ń tiro", gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, Oyèbọ́lá ò kọ eyín, kò kọ ẹsẹ̀. "Ẹnìkan" ló kọ. Olóyè fúnra rẹ̀ ló sáré wọ ààfin, tó ká fìlà lọ́wọ́, tó ní, "Èmi ni wọ́n ń bá wí!" Ẹ ò rí nǹkan.

Àṣẹ kẹta. Èrò ọkàn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ní ohùn Olóyè ò dára lórin, etí tirẹ̀ ló fi gbọ́ ọ, kò jẹ̀bi. Akéde yìí pàápàá ti gbọ́ ohùn náà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Olóyè jí ìwé orin, kó mú ìwé náà wá. Bí kò bá rí i mú wá, yóò jókòó gbọ́ orin Olóyè láti àárọ̀ dalẹ́!

Àṣẹ kẹrin. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó. Ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ẹ̀bi kan náà ni. Olóyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ mọ́ pé ẹ̀rọ omi ìlú wà lẹ́yìnkùlé Olóyè Gbọ́lágadé, lábẹ́ tapólì búlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ́pẹ́yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá péré ló ka ti ara ògiri. Akéde ti ké eléyìí ní àdúgbò mẹ́fà!

Ẹ dúró ná. Oyèbọ́lá ti na ìwé ìròyìn rẹ̀ sí akéde. Akéde ti kà á, ó ti tún un kà. Kò sí tapólì níbẹ̀. Kò sí pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ yìí ò dé àgbàlá yẹn rí. Ta ló wá sọ fún Olóyè ibi tí ẹ̀rọ wà? Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Àṣẹ karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn. Òótọ́ kì í jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kó gbé e wá sáàfin kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀rí yìí wúwo, ọmọ kan ò lè dá gbé e. Ọkùnrin mẹ́fà, ẹ mú okùn dání, kí ẹ tẹ̀lé Oyèbọ́lá.

Báyìí ni ààfin wí. Ẹnu ni akéde yá wọn. Kò yá wọn lójú o!