Òfin Tó Fọ́ Bíò Lójú

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Wọ́n ti sọ fún yín nílé pé àlejò ni òwe náà ń bú. Irọ́ ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Láyé ìgbà kan, ilẹ̀ ọba ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Àwanìkan. Agbára wọn pọ̀, odi wọn ga, wọ́n sì gbà pé inú odi náà ni Elédùmarè parí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn sí. Ìbàrìbá ni o, Tápà ni o, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹ̀yà yòókù: ará ẹ̀yìn odi. Wọ́n ní ará ẹ̀yìn odi kì í wẹ̀, wọ́n ní bí ẹyẹ ló ń sọ̀rọ̀. Olóyè Jagùnnà ló mọ̀ nípa wọn jù, bẹ́ẹ̀ kò rìn kọjá ààtàn ìlú rí.

Ibẹ̀ ni Bíò ará Ìbàrìbá ń gbé, tó ń bá ọba tọ́jú ẹṣin. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ láyé ni abo ẹṣin pupa kan. Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹṣin náà ni ìyá rẹ̀ kú. Wàrà màlúù ni Bíò fi tọ́ ọ dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jagùnnà wọlé wẹ́rẹ́, ó tú okùn ẹṣin, ó fà á lọ sílé ara rẹ̀.

Bíò gba ààfin lọ. Ó ní, "Kábíyèsí, Jagùnnà ló mú ẹṣin mi. Ìṣojú mi kòrókòró ló ti tú u."

Jagùnnà rẹ́rìn-ín. "Ojú wo? Kábíyèsí, àwọn baba wa ti sọ pé ẹ̀rí ará ẹ̀yìn odi kì í ṣe ẹ̀rí. Ojú tó wà lórí rẹ̀ yẹn, ẹwà lásán ni."

Ọba wo àwọn ìjòyè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni wọ́n bá kéde rẹ̀ káàkiri: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó di òfin.

Bíò rò ó títí. Ó ní, "Ó dára. Èmi náà kì í ṣe arúfin."

Nígbà tó pàdé Jagùnnà lójú ọ̀nà, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ, o ò rí mi ni?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹ má bínú, baba. Òfin ò jẹ́ kí n ríran."

Ó tó ọjọ́ mélòó kan, Jagùnnà ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Bíò wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú kànìnkànìn tó fi ń fọ ẹṣin, ó gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Dúró jẹ́ẹ́. Má tàpá."

"Èmi ni! Jagùnnà ni!"

"Háà, ẹ̀yin ni? Ọwọ́ ni mo fi ń mọ nǹkan báyìí, baba. Mo fọwọ́ kan ìdí yín, mo ní ẹṣin ọba ni."

Ọ̀rọ̀ kò tíì dé góńgó. Lọ́jọ́ ìpàdé, ọba wọ gbọ̀ngàn ààfin, ó bá Bíò lórí àga ọba.

Jagùnnà pariwo pé, "Ẹ bẹ́ ẹ lórí! Ó rí àga ọba, ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sí i ni."

Bíò kò dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ gbọ́ tẹnu Jagùnnà. Bí mo bá rí àga, a jẹ́ pé mo rí ẹni tó mú ẹṣin mi. Bí mi ò bá rí ẹni tó mú ẹṣin, mi ò rí àga. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀."

Gbogbo ìjòyè tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí ẹrù tó fipá gbà lọ́wọ́ àlejò kò sí nílé rẹ̀ nínú wọn. Bí ojú Bíò bá là lónìí, ojú gbogbo ará ẹ̀yìn odi á là lọ́la.

Ọba rọra họ imú. Ó ní, "Kò ríran. Ẹ fi í sílẹ̀."

Bíò dìde. Ó gba ilé Jagùnnà lọ ní ọ̀sán gangan, ó tú abo ẹṣin pupa, ó gùn ún, ó kọjú sí ẹnubodè. Jagùnnà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Oníbodè, dá a dúró! Ẹṣin mi ló gùn yẹn."

Bíò ní, "Ẹṣin wo? Èmi ò rí ẹṣin kankan. Àpótí ni mo rò pé mo jókòó lé."

Oníbodè, tí í ṣe ọmọ Àwanìkan tọkàntọkàn, ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó ní, "Ẹ má dá a lẹ́bi, olóyè. Òfin yín náà ni."

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi òwe yìí bú yín ní ìlú onílùú, ẹ má bá a jà. Ẹ wo ibi tó so ẹṣin yín mọ́, kí ẹ sì fi sùúrù dá a lóhùn pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.