Òdòdó Hathersage Kì Í Rọ

Ká ní ìgbéraga ń mú èèyàn sanra ni, Desmond Hathersage ì bá má lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ kọjá. Bàtà ló ń tà ní Wexcombe, ṣùgbọ́n bàtà kọ́ ló kó sójú fèrèsé. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́jọ ló tò síbẹ̀, èyí tó fi agbọ̀n òdòdó tó gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù gbà nínú ìdíje òdòdó tí ìlú ń ṣe lọ́dọọdún. Oníbàárà á kọ́kọ́ kan sáárá sí ife kó tó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Lọ́dún yìí, ẹni tó bá borí, orúkọ tó bá fẹ́ ni wọn á kọ sára àga tuntun iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Òkú ni wọ́n sábà máa ń fi irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá, ṣùgbọ́n Desmond Olódòdó, ọkọ ife mẹ́jọ, kò lè dúró dìgbà yẹn. Maureen Tibbs tó ń ta tíì ní òdìkejì títì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá náà ló gbin òdòdó Maureen kó tó kú.

Òjò wá kọ̀, kò rọ̀. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má fi omi ẹ̀rọ rin òdòdó mọ́. Ti alápatà gbẹ, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ di koríko gbígbẹ. Láràárọ̀ ni Maureen ń ru omi tó fi wẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tòun ti eékún tó ń dùn ún, síbẹ̀ ìdajì òdòdó rẹ̀ kú.

Ti Desmond nìkan ló ń dán gbinrin. Á gun àkàsọ̀, á máa kí òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹni tó tò fún búrẹ́dì lè gbọ́. Maureen bi í léèrè ọgbọ́n tó ń dá sí i.

“Ìfẹ́ ni, Maureen. Mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òdòdó mọ ẹni tó níwà.”

Maureen lọ sílé, ó bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, méjì tún kú.

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Pargeter, arúgbó tó ń ṣe adájọ́, dé tòun ti sísọ́ọ̀sì nínú báàgì. Ó wo òdòdó Desmond títí, ó mí kanlẹ̀. Desmond, tó wà lórí àkàsọ̀ rẹ̀, ti ń rí orúkọ ara rẹ̀ lára àga.

“Desmond ọmọ mi, fún mi ní ẹ̀ka kan, kí n lọ gbìn ín sílé.”

Ní Wexcombe, ó sàn kí wọ́n pe èèyàn lólè ju kó fi ẹ̀ka òdòdó du ẹnìkejì lọ. Òógùn bo Desmond. Ó ní ó ti rẹ àwọn òdòdó náà, kí ìyá jẹ́ kó di ìgbà òjò.

Ìyá Pargeter ò tiẹ̀ gbọ́ ọ, ó ti na sísọ́ọ̀sì sókè. Ó gé e, kò gé. Ó fà á, òdòdó yọ tòun ti wáyà, bébà kékeré kan sì so mọ́ ọn nídìí. Ìyá gbé awò sójú, ó kà á sókè ketekete: “Ẹ lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.”

Irọ́ máa ń lọ fógún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Desmond ò tiẹ̀ pé oṣù méjì. Alápatà di òpó mú, ẹ̀rín fẹ́ gbé e ṣubú.

Ìyá Pargeter sọdá títì, ó gé ẹ̀ka kan lára ìwọ̀nba tó kù fún Maureen, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó sì bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Maureen sọ ọ́ fún un, ó nu ojú, ó wá bojú wo Desmond tó ṣì dúró lórí àkàsọ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Hathersage,” ló wí jẹ́jẹ́, “ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n lè máa bínú.”