Ọjọ́ Tí Piyánò Ń Rìn Lọ Lórí Pèpéle

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ Sátidé kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ò ní kúrò lọ́kàn mi. Ìjọba alágbádá ló wà lóde nígbà náà, àwọn sójà ò tíì padà dé. Tíṣà físíìsì ni mí, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀ nípa ohùn àti bó ṣe ń rìn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní piyánò ńlá kan lórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn, irú èyí tí ìdérí rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí àkókò orin ìkórè dé, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe nítorí Ọlọ́run nìkan. Bàbá Fọlákẹ́, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ń bọ̀ láti Makun wá gbọ́ orin, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé orí mi pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ piyánò kúrò, torí kápẹ́ẹ̀tì a máa gbé ohùn mì. Mo fi girísì sí kẹ̀kẹ́ kéékèèké ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yí i kí ẹnu ìdérí kọjú sí èrò. Igi tó ń gbé ìdérí dúró kúrú lójú mi, ni mo bá fi igi ìgbálẹ̀ gígùn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí akọrin kan tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ ketekete lẹ́yìn pátápátá. Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Màmá Ṣọlá, àgbà tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń tẹ piyánò fún wa. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n wo ìdérí, wọ́n wò mí.

"Tíṣà, kí lo ṣe sí i?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ kó le."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó le lóòótọ́. Àṣé pèpéle náà dagẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀! Orin kìíní ò tíì dé ìdajì tí piyánò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn lọ. Màmá sún àga tẹ̀ lé e. Ó tún rìn, wọ́n tún sún, ọwọ́ wọn ò sì kúrò lórí rẹ̀. Àwọn èrò rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo rí i pé etí pèpéle ló ń lọ, níbi tí Bàbá Fọlákẹ́ jókòó sí nísàlẹ̀.

Mo fò dìde, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ piyánò. Ibi tí mo ti ń fà á ni igi ìgbálẹ̀ ti yẹ̀, tí ìdérí já wálẹ̀: gbàà! Bàbá arúgbó kan kígbe láti ìjókòó ẹ̀yìn pé, "A ti gbọ́ wàyí o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ì bá là, ǹ bá wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ sá, Màmá ní, "Níbo lò ń lọ? Bí o bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò dì í mú?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kóòtù tuntun, tí mo gbá ẹsẹ̀ piyánò mọ́ra títí orin fi parí, tí mi ò lè gbójú sókè.

Nígbà tí èrò ń tú ká, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Fọlákẹ́. Wọ́n wò mí títí.

"Ọmọ mi, o lè máa wá sílé wa. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má bá wa tún nǹkan kan ṣe."

Wọ́n fún mi ní Fọlákẹ́ nígbẹ̀yìn. Mo sì kọ́gbọ́n pé kí n máa kọ́kọ́ bi ẹni tó ń lo nǹkan léèrè, kí n tó fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí rédíò wọn bá bàjẹ́ tí mo sì yọjú, wọ́n á rọra fi aṣọ bò ó. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni n ó tún ṣe?