Oyin Tí Bàbá Mi Fún Ọkọ̀ Lá

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń pa á lówe kiri pé bó ti wù kí oyin dùn tó, a kì í fún ẹ́ńjìnì lá, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ọ lẹ́nu géńdé kan tó ń po sìmẹ́ńtì. Ó ní àwọn àgbà ayé àtijọ́ ló pa á. Àgbà ayé àtijọ́ wo? Ojú èmi tí mo jókòó síbí yìí ló ṣe, ní Ìgbájọ níbí, kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Iṣẹ́ réwáyà ni mò ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ọkọ mi ló ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó kú, mo gbé irinṣẹ́ ẹ̀, mo ń wo wáyà títí wáyà fi ń dá mi lóhùn. Iná yòówù kó tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Ogójì ọdún ni bàbá wa fi wa lọ́rì kòkó. Lọ́rì náà kì í sáré. Bó bá ń gun òkè Ìgbájọ, ewúrẹ́ á kọjá lára ẹ̀, á sì bojú wẹ̀yìn wò ó. Nígbà tí ojú Bàbá wá ń ṣú, tí dókítà ní kò ní pẹ́ tí kò ní ríran mọ́, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kí òun jókòó sínú ọkọ̀ tó ń sáré, kí òun rí bí igi òkè yẹn ṣe ń sá sẹ́yìn, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Oyèníran àbúrò mi bá ra ọkọ̀ asáré kan wálé láti Èkó. Àlòkù ni, ó pupa bí ata rodo, ilẹ̀kùn méjì péré, ó sì balẹ̀ débi pé adìẹ lè fò ó. Bàbá fọwọ́ pa á lára. Ó ní bí a ṣe ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ la ó ṣe kí i. Wọ́n gbé oyin, iyọ̀ àti obì jáde. Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà náà, mo ti yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí dànù, mo ní kí wọ́n bá mi wá tuntun l'Óṣogbo.

Bàbá bi mí pé, "Àwẹ̀ró, níbo lẹnu ẹ̀ wà?"

Ẹni tó bá mọ nǹkan, ara kì í gbà á kó dákẹ́. Mo nàka sí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì. Mo ní, "Ibí yìí ló ti ń mí, Bàbá. Ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun."

Bàbá kán oyin síbẹ̀, ẹ̀kán kan péré. Gbogbo wa ṣàmín. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, asẹ́ tuntun náà ò sì tíì dé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, iná ẹ́ńjìnì tàn. Mo so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mi mọ́ ọn, ẹ̀rọ ní sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló ń ṣàìsàn. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Iná náà tún tàn, òmíràn sì wá bá a ṣeré. Mo lọ bá ẹni tó ta sẹ́nsọ̀ fún mi l'Óṣogbo, mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì ti ilẹ̀kùn tiẹ̀. Òórùn dídùn kan wá ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní omi rédíétọ̀ ló ń jò, torí omi aláwọ̀ ewé yẹn máa ń rùn bí ohun tó dùn. Mo tú rédíétọ̀ palẹ̀. Kò jò. Mo rí èèrà lára wáyà, mo ní Oyèníran ló ń jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò jẹ búrẹ́dì."

Mo ní kó lọ wá irọ́ mìíràn pa.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, iná mẹ́fà ló ń tàn nínú ọkọ̀ náà bí ilé ẹni tó ń ṣọdún Kérésì. Bàbá nìkan ni inú ẹ̀ ń dùn. Láràárọ̀ tí Oyèníran bá ṣáná sí ọkọ̀ kó lè gbóná, Bàbá á jókòó síwájú, á tẹjú mọ́ àwọn iná yẹn, á máa rẹ́rìn-ín. Mo ní, áà, ojú ti bà jẹ́ débẹ̀ yẹn.

Dókítà ní kí a má fi ìrìn náà falẹ̀ mọ́, la bá mú Sátidé. Bàbá dé fìlà tó fi ń wa lọ́rì. Èmi ká ara mi sẹ́yìn bí àkísà. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, ọkọ̀ wúkọ́, iná keje tàn, ó kú. Ewúrẹ́ kan kọjá lára wa. Ó bojú wẹ̀yìn.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo tú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Oyin ni mo bá níbẹ̀, ó ti jóná dúdú bí ọ̀dà, èèrà kú sínú ẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àwọn èèyàn tó ń tóko bọ̀ ti dúró ń wò wá. Lójú gbogbo wọn ni mo ti la ẹnu mi yìí. Mo ní, "Ẹni tó bu oyin sínú ọkọ̀ yìí láti ba ayọ̀ bàbá mi jẹ́, ojú ẹ̀ á fọ́."

Kò sẹ́ni tó ṣàmín. Bàbá rọra ṣí fìlà.

Ó ní, "Èmi ni, Àwẹ̀ró."

Ó ní ṣíbí kan lòun ń bù sí i láràárọ̀ kí a tó jí, kí ọkọ̀ náà má baà kú kí ọjọ́ ìrìn wa tó pé. Ó ní, "Bí mo bá ti ń fún un, á tan iná kan kún un fún mi. Mo ní ó ń dá mi lóhùn ni. Lọ́rì tí mo fi ogójì ọdún wà, kò tan nǹkan kan fún mi rí."

Oyèníran wá béèrè, jẹ́jẹ́, ta ló fi ẹnu ọkọ̀ han Bàbá. Èmi tí mo gbédè iná, mi ò bi ẹni tó ń wo iná rẹ́rìn-ín pé kí ló ń rí.

Oṣù mẹ́jọ ni ẹ́ńjìnì yẹn fi dùbúlẹ̀ kó tó mí dáadáa. Ojú Bàbá ò dúró dè é. Ó ṣú lóṣù kẹfà.

A ṣì gbé Bàbá lọ. Oyèníran sáré gun òkè náà tí etí mi fi ń hó. Igi ń sá sẹ́yìn, Bàbá na ọwọ́ síta kí afẹ́fẹ́ máa lù ú.

Ó ní, "Iná mélòó ló tàn?"

Ó yẹ kí n purọ́. Mo ní, "Kò sí ìkankan, Bàbá. Ara ẹ̀ ti yá."

Ó pòṣé díẹ̀. "Ó ti gbàgbé mi nìyẹn."

Nígbà tí a délé, mo fi oyin sí búrẹ́dì fún un, bóyá inú ẹ̀ á dùn. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ó dá mi lójú pé òun ni mo gbé e fún, pé kì í ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló lá a, ó mirí, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Oyèníran gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ó dé ìta, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ pa á, ẹ fi àwọn àgbà ayé àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Bàbá mi ló pa á, èmi ọmọ ẹ̀ ni mo sì fi ẹnu ọkọ̀ hàn án: bó ti wù kí oyin dùn tó, a kì í fún ẹ́ńjìnì lá.