Ẹ̀ṣẹ̀ Méje Gírámà

Gírámà, òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan, tẹ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan, ó sì fún oṣù kejì ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Oṣù kejì o!

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé wo kàlẹ́ńdà, ó wo Gírámà, ó tún wo kàlẹ́ńdà. "Lọ kọ lẹ́tà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ. O mọ òfin wa: ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, ilé yá."

Ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ló ṣẹ̀ lọ́dún náà. Bó bá kọ "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe àṣìṣe," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ta ni? Gírámà tí kì í kí èèyàn láì fi òyìnbó há a lọ́nà ọ̀fun?

Ó délé, ó fa ìwé atúmọ̀ èdè kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé wúwo bí ọlọ, ó fi pépà kàlẹ́ńdà àtijọ́ wé e. Gbì! lórí tábìlì. Ife omi fò sókè.

"Olówó orí mi," ìyàwó ẹ̀ ní, "ṣé ẹ fẹ́ fi ìyẹn lu ọ̀gá ni?"

"Mò ń wá 'mess up'."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kéèyàn ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó ò lọ́rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Gbọ́!" Ó wú ikọ́. "'Foul up'! 'Botch'! 'Bungle'! 'Blunder'!"

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ síra ni?"

"Rárá, ọ̀kan náà ni."

"Ẹ kọ ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá jẹun."

"Ìwọ ò mọ bí ìwé ṣe ń dùn!"

Ó kọ méje. Ó to wọ́n sísàlẹ̀ ara wọn, ó wá fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè dáa lójú.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìyá onífáìlì ló ń gba lẹ́tà ẹ̀ṣẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn. Láti ogún ọdún tí màmá yìí ti wà lórí àga yẹn, kò ka lẹ́tà rí. Nọ́ńbà ló ń kà. Nọ́ńbà kan, fọ́ọ̀mù kan, òǹtẹ̀ kan.

Gbà! Gbà! Gbà!

Ẹ̀ẹ̀méje.

Ọ̀gá pariwo. "Méje! Kàlẹ́ńdà kan ni mo mọ̀. Gírámà, níbo lo ti ṣẹ mẹ́fà yòókù?"

"Sà, ọ̀kan ni gbogbo wọn!"

"Ọ̀kan kẹ̀? Méje ni mo rí níbí o! Ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ti ọdún méjì lọ lo jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ìyá onífáìlì, ẹ bá a palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́."

"Ó wà nínú ìwé, sà! Ẹ jẹ́ n lọ mú un wá!"

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ìwé wà lórí, òógùn ń ro tó, tó, tó. Ó ṣí i síbi 'mess up', ó na ìka sí i. Ọ̀gá kà á títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Òótọ́ ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ìyá onífáìlì bínú fa fọ́ọ̀mù mẹ́fà ya. Fààà! Ọkàn Gírámà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ká ní ó gbé ìwé ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀! Àmọ́ ẹnu ń yún un.

"Ojúlówó ìwé ni, sà. Ẹ wò ó dáadáa. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá bá wò ó dáadáa. Ó ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, ibi tí Gírámà ò dé rí, torí pé kò sí gírámà kankan níbẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé ìtẹ̀wé ló wà níbẹ̀ rẹ̀gẹ̀jì, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá fúnra ẹ̀. Ìwé tó sọ nù lórí tábìlì ọ̀gá láti èṣí!

Gírámà náà rí òǹtẹ̀ ọ̀hún.

"Mo... mo yá a ni, sà."

 Ọ̀gá fi itọ́ sí ìka, ó ń ṣí ìwé náà wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, títí ó fi dé ibi tí 'steal', ìyẹn olè jíjà, wà. Ó fi ìka tọ gbogbo ìlà náà délẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ló wà níbí. Mi ò rí 'yá' láàárín wọn." Ó ti bébà sí Gírámà. "Jókòó. Kọ gbogbo wọn. Fi nọ́ńbà sí i."