Àwìn Oúnjẹ Adìyẹ

Ọjọ́ tí mo pa bàbá mi ní Alákìá kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé. Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá o. Ẹnu ni mo fi pa wọ́n, oúnjẹ adìyẹ ló sì fà á.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà sí Erunmu nígbà náà, mo ń sin adìyẹ. Ọdún Kérésì ku díẹ̀, owó ti tán lọ́wọ́ mi, àwọn adìyẹ náà sì ń jẹun bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa òun. Bí n kò bá rí oúnjẹ gbà láwìn, eegun lásán ni n óò gbé lọ sọ́jà.

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ nítòsí wa. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Lọ́dọ̀ tiwa, ìdáhùn ìbéèrè yìí ló ń sọ bóyá èèyàn á rí àwìn gbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi ìyangàn dáhùn pé, "Ọmọ Bàbá Eléwúrẹ́ ni mí, sà!"

"Eléwúrẹ́ tó kó ẹran mi lọ láwìn láti èṣí, tí kò tíì san kọ́bọ̀?" Ni wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọ̀sán gangan.

Mo ní kò burú, mo gbọ̀nà Alákìá lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Alhájà kan ló ń ta oúnjẹ adìyẹ níbẹ̀. Àwọn náà bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ọgbọ́n mi ti pọ̀ sí i. Mo dorí kodò, mo ní, "Bàbá mi ti kú, mà."

Alhájà wojú mi títí. Ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi ni mo jọ o: imú, etí, àní àlàfo eyín pàápàá. "Ọmọ Bàbá Eléwúrẹ́ Erunmu kọ́ nìyí? Ṣé wọ́n ti kú?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ jí òkú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìnnà lílláhì!" Alhájà káwọ́ lérí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Owó eèrí àgbàdo tí wọ́n jẹ mí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni orí mi tó pé. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, kí òkú tó wọlẹ̀, àáfáà á béèrè ẹni tí òkú náà jẹ lówó, àwọn ọmọ á sì dáhùn pé àwọn á san án. Nígbà tí bàbá mi wà láàyè, àwọn ló ni gbèsè wọn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi jogún rẹ̀!

Alhájà ti figbe ta pé Bàbá Eléwúrẹ́ ti kú. Alápatà dé, mẹkáníìkì dé. Oníkálukú á kọ́kọ́ ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ bàbá, á wá dárúkọ iye tirẹ̀. Mẹkáníìkì tilẹ̀ sunkún, torí tirẹ̀ ló pọ̀ jù.

N kò mọ ìgbà tí mo fa fóònù yọ. Mo pe bàbá mi, mo gbé ohùn wọn síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà láàyè!"

"Níbo lo wà?"

"Alákìá ni, sà. Àwọn tí ẹ jẹ lówó ló yí mi ká."

Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé mo ti kú."

Alhájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ. Wọ́n fún mi ní àpò kan, wọ́n sì gba fóònù mi ṣe ìdógò títí n óò fi sanwó.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi orúkọ bàbá mi gba ohunkóhun, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ti fi gbà láwìn. Mo sì ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún wọn láràárọ̀, tọkàntọkàn, tòótọ́-tòótọ́. Inú wọn a máa dùn gan-an. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni.